Ṣé àwọn aṣòfin wa lè bi mínísítà àti kọmíṣọ́nà ní ìbéèrè lóòótọ́, àbí eré lásán ni?

Ọmọ_Òmù kọ pé:

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, kí àwọn tó mọ̀ nípa òfin àti iṣẹ́ ìjọba là mí lọ́yẹ̀ díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Ẹgbẹ́ ọmọ bíbí àdúgbò wa ní Òmù-Àrán pe ọnọ́rébù kan sí ìpàdé, ará ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìlọrin ni o, kì í ṣe ti Àbújá. Ó wá, a ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó tiẹ̀ tètè dé. A bi í léèrè ọ̀nà tó ti Ìlọrin gba Àjàṣẹ́ wá sọ́dọ̀ wa, a bi í léèrè àwọn ọlọ́pàá tí kò tó nǹkan lágbègbè wa látìgbà tí àwọn ajínigbé ti sọ igbó ẹ̀yìn wa di ilé, a tún bi í pé owó tí wọ́n kọ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì pé àwọn fẹ́ fi tún ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò wa ṣe, níbo ló gbà lọ. Ó ní ọ̀nà, ti fẹ́dẹ́rà ni. Ọlọ́pàá, ti fẹ́dẹ́rà ni. Ti ilé ìwòsàn, òun á gbé móṣàn dìde. Ó tán. Ló bá ní kí wọ́n máa pín ìwé eléwé ọgọ́ta tí wọ́n tẹ fọ́tò òun sí lẹ́yìn fún àwọn ọmọ, àwọn ìyá wa sì gbé orin, a tú ká.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ rèé. Àwọn aṣòfin yìí, ṣé wọ́n lágbára lóòótọ́ láti pe mínísítà tàbí kọmíṣọ́nà kó wá dúró níwájú wọn kó sọ ohun tó fowó ṣe? Tó bá kọ̀ tí ò wá ńkọ́? Àti pé nínú gbogbo wọn, ti Ìlọrin, ti Àbújá, sẹ́nétọ̀, aṣojú-ṣòfin, ta gan-an la máa dojú kọ lórí ọ̀rọ̀ wo? Torí ó dà bíi pé ẹni tá a bá rí mú, ẹlòmíì ló máa ń tọ́ka sí.

Ọmọ_Ìjàkadì dáhùn:

Haha ẹ̀gbọ́n, ẹ tún ń béèrè. Eré ni jàre.

Ṣé ẹ ti gbàgbé July 2020 ni? Àwọn aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá ń wádìí owó NDDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdàgbàsókè Niger Delta, wọ́n pe adelé ọ̀gá àgbà ibẹ̀, Pondei, wọ́n ń bi í ní ìbéèrè lọ́wọ́ ló bá dákú sórí àga níwájú kámẹ́rà, gbogbo ayé ń wò. Ọjọ́ kan náà ni Akpabio tó jẹ́ mínísítà Niger Delta nígbà yẹn jókòó síwájú wọn, ó ń sọ ọ́ pé àwọn aṣòfin fúnra wọn ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú kọ́ńtíráàtì ọ̀hún, alága kọ̀mítì bá ń pariwo pé ó tó, ó tó, kó pa máíkì. A fi ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fóònù fún odindi oṣù, wọ́n tiẹ̀ fi ṣe orin ijó. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Ní 2023 Akpabio di ààrẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà. Ẹni tí wọ́n ń bi ní ìbéèrè ló wá di ọ̀gá àwọn tó ń béèrè o! Kí lẹ tún fẹ́ gbọ́?

Ẹ tún wo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ yan mínísítà. Tí ẹni náà bá ti ṣe aṣòfin rí, wọ́n á ní kó tẹrí ba kó máa lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo, wọn ò ní bi í. Ẹni tí ẹ ò bi nǹkan kan lọ́jọ́ tó ń wá iṣẹ́, ẹ̀yin ló wá fẹ́ bi léèrè owó lọ́jọ́ tó ti jókòó sórí ẹ̀?

Àwa l'Ọ́fà, ìjàkadì lorò wa, a mọ ìjà tí wọ́n ti jọ ṣètò ẹni tó máa ṣubú kí wọ́n tó wọ agbo.

Agbẹjọ́rò_Pàkátà dáhùn:

Àsàlàmù aléékùm, ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ọmọ_Ìjàkadì, ẹ ò parọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ya òfin sọ́tọ̀ kúrò lára ìwà àwọn tó ń lò ó.

Agbára wà. Nínú ìwé òfin 1999, abala 67 sọ pé wọ́n lè pe mínísítà wá sílé aṣòfin kó wá ṣàlàyé bó ṣe ń ṣàkóso ilé iṣẹ́ rẹ̀, abala 108 sọ irú ẹ̀ fún kọmíṣọ́nà níwájú ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Èyí tó léyín gan-an ni 88 àti 89 fún Àbújá, 128 àti 129 fún àwa ní Kwara. Ìyẹn ló ní kí wọ́n lè ṣe ìwádìí, kí wọ́n pe ẹnikẹ́ni tó ní ẹ̀rí lọ́wọ́, kí wọ́n ní kó kó ìwé wá, kó búra kó tó sọ̀rọ̀, tó bá sì kọ̀, kí wọ́n fi wáráǹtì mú un wá. Ṣùgbọ́n òfin yẹn fi ààlà sí i: kì í ṣe ohunkóhun ni wọ́n lè wádìí. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ nítorí òfin tí wọ́n fẹ́ ṣe, tàbí láti tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́, àìmọṣẹ́ tàbí ìnákùnáà nínú owó tí ilé ọ̀hún fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí. Ẹ di gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn mú ṣinṣin, màá padà síbẹ̀.

Èyí tí ẹ bi pé tó bá kọ̀ tí ò wá ńkọ́, ọmọ Ìlọrin ló wà lórí àga nígbà tí wọ́n dán an wò jù. Bùkọ́lá Sàràkí ni ààrẹ ilé aṣòfin àgbà láti 2015 dé 2019. Ní March 2017 wọ́n ní kí Hameed Ali tó jẹ́ ọ̀gá àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù wọ yunifọ́ọ̀mù wá, ó wá lóòótọ́ ṣùgbọ́n kò wọ̀ ọ́, wọ́n ní kó padà sílé. Ní 2018 wọ́n pe Ibrahim Idris tó jẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá pátápátá, wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kíní, ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta, kò yọjú, igbákejì rẹ̀ ló ń rán. Nígbà tó di oṣù May wọ́n pè é ní ọ̀tá ìjọba tiwa-n-tiwa. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìyẹn. Wáráǹtì tí ìwé òfin sọ, wọn ò fi í mú un. Ẹ mọ̀dí ẹ̀? Abala 89 ní ọlọ́pàá ló lè lọ fi wáráǹtì ọ̀hún múni, tàbí ẹni tí ààrẹ ilé aṣòfin bá yàn. Ọlọ́pàá wo ló fẹ́ lọ mú ọ̀gá ọlọ́pàá?

Àwọn àgbà tó wà níbí á rántí pé nígbà ìjọba alágbádá àkọ́kọ́, àárín àwọn aṣòfin ni mínísítà ti ń wá, inú ilé kan náà ni gbogbo wọn ń jókòó sí, wọ́n sì láàyè ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi ara wọn lójúkojú. Àwa tá a wà lábẹ́ Kàdúná nígbà yẹn náà, bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tá à ń ṣe látọdún 1979 yàtọ̀: aṣòfin tí wọ́n bá yàn ṣe mínísítà gbọ́dọ̀ fi ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, mínísítà kì í sí nílé nígbà tí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀, àfi kí wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ìgbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn ló máa ń dé.

Bàbá_Dérẹ́bà dáhùn:

Ẹ̀yin lọ́yà ẹ kú òyìnbó. Èmi ò mọ abala, ọ̀nà ni mo mọ̀. Páàkì Ọ̀fà Gáréèjì ni mo ti ń gbéra, Ganmo, Ìdófìàn, Àjàṣẹ́, títí dé Òmù-Àrán, èrò tó bá fẹ́ dé Ẹ̀rúkù náà mo máa ń gbé e tẹ́lẹ̀. Ibi tí títì ti já, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni gbogbo wa ń gbà, ẹni tó ń bọ̀ náà ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà yẹn ló ń gbà, ẹ wá máa fojú bá ara yín sọ̀rọ̀ ta ló máa dúró. Tójò bá rọ̀, omi á bo kòtò mọ́lẹ̀, o ò ní mọ̀ bóyá ti àná ni àbí ó ti jìn sí i, ó dìgbà tí táyà bá wọlé, kó o gbọ́ gbàà lábẹ́ mọ́tò, ṣọ́ọ̀kì lọ, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì tẹ̀lé e, èrò á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé bàbá ẹ ò mọ mọ́tò wà. Owó tí mo pa lọ́jọ́ náà, mẹkáníìkì ló ni ín.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá sì rèé, ibi tá a ti nílò wọn kọ́ ni wọ́n ti ń dúró. Ẹ̀bá ìlú níbi tí ilé wà ni igi ìdábùú pọ̀ sí, tó o bá ti wọ inú igbó, ìwọ àti Ọlọ́run rẹ ni. Látìgbà tí wọ́n ti jí èèyàn kó ní Ẹ̀rúkù, tó bá ti lé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, èmi ò gbé èrò kọjá Òmù-Àrán mọ́, kódà kí wọ́n fún mi ní ìlọ́po méjì.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ bi mínísítà, ẹ bá mi bi í pé ọ̀nà yìí, ìgbà wo?

Ìyá_Àjàṣẹ́ dáhùn:

Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú, ọjà tí mò ń rà ní Òmù-Àrán ti wọ́n nítorí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ yìí gan-an. Owó mọ́tò ni wọ́n ń kó lé ẹ̀fọ́ àti èlùbọ́ lórí.

Lọ́yà, èmi ní ìbéèrè. Wọ́n pa Ọlúkòrò ti Kòrò láàfin rẹ̀ ní February 2024. September 2025 wọ́n ya wọ Òkè-Òdẹ, wọ́n pa àwọn ọmọ tó ń ṣọ́ igbó. Oṣù November ọdún yẹn náà ni wọ́n wọ ṣọ́ọ̀ṣì CAC ní Ẹ̀rúkù, àwọn èèyàn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lọ́wọ́, wọ́n kó èèyàn méjìdínlógójì lọ, Ọlọ́run ló ní wọ́n máa padà wálé. Gbogbo èyí ní Kwara, ẹkùn gúúsù wa níbí. Kí ló dé tí ilé aṣòfin wa ní Ìlọrin ò lè pe ọ̀gá ọlọ́pàá Kwara jáde kó wá jókòó, kí wọ́n bi í bí ẹ ṣe ń bi ọmọ tó fọ́ àwo? Àwa tá à ń gbé níbí kọ́ là ń kú ni?

Agbẹjọ́rò_Pàkátà dáhùn:

Màmá, ìbéèrè gidi. Ẹ má bínú, ìdáhùn ẹ̀ ò dùn.

Abala 214 ní ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni Nàìjíríà ní, kò sí ti ìpínlẹ̀. Gómìnà lè fún kọmíṣọ́nà ọlọ́pàá ní àṣẹ lórí ètò ààbò, ṣùgbọ́n abala 215 tún fàyè gba kọmíṣọ́nà náà pé kó tó ṣe é, ó lè ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ ààrẹ. Gómìnà tí wọ́n ń pè ní olórí ètò ààbò ìpínlẹ̀ nìyẹn o. Nítorí náà ilé aṣòfin Ìlọrin lè fi lẹ́tà pe ọ̀gá ọlọ́pàá, tó bá níwà ọmọlúàbí á wá, ṣùgbọ́n láti fipá mú un sọ bó ṣe pín ọmọọṣẹ́ rẹ̀, agbára ò sí níbẹ̀. Àbújá lagbára yẹn wà. Òfin ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń sọ, àwọn aṣojú-ṣòfin kà á lẹ́ẹ̀kejì ní February 2024, ẹnu ò tíì dákẹ́ lórí ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí gbólóhùn tí mo ní kẹ́ ẹ dì mú. Owó tí ilé náà fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí. Tí ìjọba Kwara bá fi owó Kwara ra mọ́tò fún ọlọ́pàá, tó bá fi ra epo sí i, tó san owó fún fijilàǹtẹ́ àti àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó, owó yẹn inú bọ́jẹ́ẹ̀tì Kwara ló ti wá. Ọnọ́rébù yín ò lè sọ pé ti fẹ́dẹ́rà ni. Kò lè bi ọ̀gá ọlọ́pàá pé kí ló dé tí kò sí ọlọ́pàá ní Ẹ̀rúkù, ṣùgbọ́n ó lè bi ẹni tó buwọ́ lu owó náà pé mọ́tò mélòó lẹ rà, ìlú wo ni ẹ gbé wọn sí, èwo ló ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú wọn. Ọ̀gá ọlọ́pàá ò ní lè sá fún ìyẹn pẹ́, torí ìdáhùn rẹ̀ máa gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá.

Ti Àbújá náà, owó kan wà tí wọ́n ń pè ní Nigeria Police Trust Fund, òfin 2019 ló dá a sílẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, ìdá kan nínú igba (0.5%) owó tó ń wọ àpò tí gbogbo ìjọba jọ ń pín (Federation Account) ni òfin yẹn ní kó máa bọ́ síbẹ̀ fún mọ́tò, ìbọn, àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́pàá. Ẹ jẹ́ kí aṣojú-ṣòfin tó ń ṣojú Ekiti/Isin/Irẹ́pọ̀dùn/Òkè-Ẹ̀rọ̀ béèrè èyí tó dé Òmù-Àrán nínú ẹ̀.

Akọ̀wé_Àtijọ́ dáhùn:

Mo ti ń kà yín látàárọ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ìdí owó ni mo ti ṣiṣẹ́ ìjọba, mi ò ní sọ ilé iṣẹ́ wo. Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ ibi tí kámẹ́rà wà, ìbéèrè tó ń dun ìjọba kì í sábà ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Níparí ọdún tí bọ́jẹ́ẹ̀tì bá ti délé aṣòfin, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á wá gbèjà tirẹ̀ níwájú kọ̀mítì. Kọmíṣọ́nà á jókòó níwájú, pámánẹ́ǹtì sẹ́kítírì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ̀yìn wọn ni irú wa máa ń wà, a kó fáìlì lé itan, ẹni tó bá nílò nọ́ńbà, a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ a fi bébà kékeré ránṣẹ́ síwájú. Bí ọnọ́rébù bá dìde tó ní "ọ̀gbẹ́ni kọmíṣọ́nà, kí lẹ ń ṣe fún àwọn èèyàn wa?", gbogbo wa lẹ́yìn á mí kanlẹ̀, torí a mọ̀ pé kọmíṣọ́nà máa sọ̀rọ̀ fún ìdajì wákàtí, ẹ sì mọ Ìlọrin, ẹnu dùn juyọ̀. Wọ́n á pàtẹ́wọ́, a ó kó fáìlì wa, a ó máa lọ.

Èyí tó máa ń dẹ́rù bà wá yàtọ̀. Ọnọ́rébù kan wà, ó ti dàgbà, kì í pariwo. Ó máa ń fi ìka lé ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé ni, á wá sọ pé: "Ìlà yìí, ẹ kọ ọ́ lọ́dún tó kọjá, ẹ tún kọ ọ́ lọ́dún yìí, iye kan náà. Ti ọdún tó kọjá, èló ló jáde nínú ẹ̀? Ọjọ́ wo ló jáde? Ta lẹ san án fún?" Á wá dákẹ́. Ẹ̀rọ amúlétutù nìkan lẹ máa gbọ́. Ọ̀gá wa á máa tú ìwé, òógùn á bò ó, kọmíṣọ́nà á yí ojú padà wò wá. Wọ́n á ní kí wọ́n fún àwọn láàyè káwọn lọ wá a wá. Ìgbà tá a wá a, owó náà ò jáde rárá látọdún tí wọ́n ti ń kọ ọ́, wọ́n kàn ń kọ ọ́ sí i ni, kí ìlú yẹn lè rí orúkọ ara wọn nínú ìwé. Ọdún tó tẹ̀ lé e owó ẹ̀ jáde. Èmi fúnra mi ni mo tẹ fáúsà ẹ̀, ìwé tí wọ́n fi ń san owó.

Ṣé ẹ rí i báyìí, Ọmọ_Òmù? Ilé ìwòsàn yín yẹn, ohun méjì ló lè ṣẹlẹ̀ sí i, wọn ò sì jọra. Bóyá wọ́n kọ owó ẹ̀ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, àmọ́ owó ò kúrò nínú àsùnwọ̀n ìjọba. Tàbí owó jáde, kọngílá gbà á, iṣẹ́ ò sí nílẹ̀. Tó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ wá lọ ń pariwo pé kọmíṣọ́nà ètò ìlera jalè, á rẹ́rìn-ín sí yín, torí kò rí kọ́bọ̀, kọmíṣọ́nà ètò ìṣúná ló yẹ kẹ́ ẹ pè. Tó bá jẹ́ ìkejì, ti ìṣúná á ní òun ti san tòun, ilé iṣẹ́ tó fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ ti parí lẹ máa dì mú. Èèyàn púpọ̀, tó fi mọ́ àwọn ọnọ́rébù, pa méjèèjì pọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí yín gbé sọnù.

Ẹ lè mọ èyí tó jẹ́ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Látìgbà ètò kan tí Báńkì Àgbáyé fi ń fún àwọn ìpínlẹ̀ lówó, SFTAS ni wọ́n ń pè é, 2018 títí dé 2022, wọ́n fi dandan lé e pé kí wọ́n máa gbé bọ́jẹ́ẹ̀tì àti ìròyìn bó ṣe ń lọ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò ni ìròyìn ọ́díọ̀. Abala 125 sọ pé láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́ tí ọ̀gá ọ́díọ̀ ìpínlẹ̀ bá ti gba ìwé ìṣirò owó, kó fi ìròyìn rẹ̀ sọ́wọ́ ilé aṣòfin, kí kọ̀mítì tó ń rí sí owó ìlú yẹ̀ ẹ́ wò. Kọ̀mítì yẹn, èèyàn kì í jà dù ú, kò sí kọ́ńtíráàtì nídìí ẹ̀.

TíṣàẸ̀rìn dáhùn:

Akọ̀wé, ọ̀rọ̀ yín yé mi, ó tiẹ̀ dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹ fo nǹkan kan. Ọnọ́rébù àgbà yẹn, ṣé wọ́n dìbò yàn án padà?

Èmi ò gbà pé àìmọ ìbéèrè ló ń dà wọ́n láàmú. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Èèyàn mẹ́rìnlélógún péré ló wà nílé aṣòfin Kwara. Kọ̀ọ̀kan wọn ló fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ kànga sí wọ́ọ̀dù òun, kí wọ́n fi iná sóláà sí àdúgbò òun, kí wọ́n gba ọmọ méjì síṣẹ́. Ọwọ́ ta ni gbogbo ìyẹn wà? Ọwọ́ kọmíṣọ́nà tí ẹ ní kó lọ fìka lé ìlà níwájú ẹ̀. Ẹni tó ń tọrọ lọ́sàn-án, ṣé ó lè ṣe adájọ́ lálẹ́? Ní 2018 wọ́n tún ìwé òfin ṣe pé kí owó ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n má máa dúró de gómìnà. Ó dára lórí ìwé. Ìyẹn ò yí ojú tí wọ́n fi ń wo ẹni tó fún wọn ní tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ padà.

Kí a má sì dá wọn lẹ́bi tán, àwa náà ńkọ́? Ọmọ_Òmù, ẹ ní àwọn ìyá ń kọrin nígbà tí wọ́n pín ìwé. Ní Ẹ̀rìn-Ilé níbí, mi ò tíì gbọ́ kí èèyàn kan bi aṣojú wa pé ìbéèrè mélòó lo bi wọ́n nílé aṣòfin lọ́dún yìí. Ẹ̀rọ ìlọta mélòó lo fi ṣẹ̀bùn là ń bi í. Ó ti gbọ́ wa yé.

Ọmọ_Ìjàkadì dáhùn:

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ gba ẹnu mi sọ̀rọ̀.

Nígbà tá a dé orí ọ̀rọ̀ ọ̀nà, ẹ má gbàgbé reluwé o. 1908 ni ojú irin dé Ìlọrin, Ọ̀fà ló gbà kọjá, bàbá bàbá mi fi ń kó iṣu lọ Èkó. Èyí tuntun tí wọ́n ṣe láti Èkó, Ìbàdàn ló dúró sí ní 2021, wọ́n ní ó máa gba Ìlọrin lọ Kánò. Mínísítà ètò ìrìnnà tó bá jókòó síwájú kọ̀mítì l'Ábùjá, ẹ bi í pé apá Ìbàdàn sí Ìlọrin, owó wo ló wà fún un nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún yìí gan-an, kì í ṣe ohun tí ẹ lérò láti ṣe. Ẹni tó bá ní ti fẹ́dẹ́rà ni, ẹ sọ fún un pé 2023 ni wọ́n ti tún òfin ṣe tí ìpínlẹ̀ náà lè fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ reluwé. Ẹ wá rí mi tí mò ń sọ pé eré ni, èmi náà ti wọ inú eré.

Ọmọ_Òmù dáhùn:

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa. Mo ti lọ wo ìwé bọ́jẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní alẹ́ àná, ó gùn bí òpó tẹlifóònù ṣùgbọ́n mo rí ìlà ilé ìwòsàn wa níbẹ̀, mo sì wá ìròyìn oṣù mẹ́ta mẹ́ta wò. Ibi tí wọ́n kọ iye tó jáde sí, òdo ló wà níbẹ̀. Akọ̀wé, ó jọ pé ti àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ sọ ni.

Mo ti ń kọ lẹ́tà méjì. Ọ̀kan sí ọnọ́rébù tó wá sípàdé wa, pé kó bi kọmíṣọ́nà ètò ìṣúná nípa ìlà yìí (mo ti kọ nọ́ńbà ẹ̀ àti ojú ewé ẹ̀ sí i), kó sì béèrè mọ́tò tí owó Kwara rà fún àwọn agbófinró, ìlú wo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Ìkejì sí aṣojú-ṣòfin wa l'Ábùjá àti sẹ́nétọ̀ ẹkùn gúúsù, lórí ọ̀nà Ìlọrin sí Òmù-Àrán sí Kàbbà, iye tó wà fún un, iye tó ti jáde, kọngílá wo ló wà lórí ẹ̀. Ṣé ó ti tó bẹ́ẹ̀?

Agbẹjọ́rò_Pàkátà dáhùn:

Ó ku díẹ̀. Ẹ kọ ẹ̀kẹta, sí ilé iṣẹ́ tọ́rọ̀ kàn fúnra rẹ̀, lábẹ́ òfin 2011 tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìjọba. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi dáhùn, wọ́n lè fi méje míì kún un. Àwọn ìpínlẹ̀ máa ń sọ tẹ́lẹ̀ pé òfin yẹn ò kan àwọn, Supreme Court ti sọ ní 2025 pé ó kàn wọ́n. Tí wọ́n bá dáhùn, ẹ fi ìdáhùn wọn sínú lẹ́tà ọnọ́rébù. Tí wọn ò bá dáhùn, ẹ kọ ọ́ sí i pé wọn ò dáhùn, ìyẹn fúnra ẹ̀ ti tó ìbéèrè.

Ẹ má fi lẹ́tà ránṣẹ́ lórí WhatsApp o. Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí èyí tó máa wà lọ́wọ́ yín, kí ọjọ́ tí wọ́n gbà á hàn lára ẹ̀.

Akọ̀wé_Àtijọ́ dáhùn:

Ẹ gé e kúrú. Ojú ewé kan. Ẹ má kí ọnọ́rébù ju ìlà kan lọ, àwọn tó ń kà á níbẹ̀, tí wọ́n bá ti rí "a kí yín, a kí ìdílé yín", wọ́n á rò pé owó lẹ fẹ́ tọrọ. Ẹ kọ ìlà bọ́jẹ́ẹ̀tì yẹn sókè pátápátá.

Tíṣà, ẹ bi mí ní ìbéèrè: wọn ò dìbò yàn án padà. Ilé ìwòsàn tó torí ẹ̀ béèrè ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ń gbẹ̀bí níbẹ̀.

Bàbá_Dérẹ́bà dáhùn:

Èmi ni màá gbé lẹ́tà ti Ìlọrin lọ, mi ò ní gba owó mọ́tò. Kẹ́ ẹ ṣáà tètè fún mi láàárọ̀, kí n lè padà kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Ìyá_Àjàṣẹ́ dáhùn:

Ẹ dúró ná kẹ́ ẹ tó gbé e lọ. Ẹ fi orúkọ ẹgbẹ́ àwa ìyálọ́jà Àjàṣẹ́ sí èyí tó ń lọ sí Àbújá, ọ̀nà yẹn àwa náà là ń gbà. Lọ́jọ́ ọjà gbogbo wa á wà níkàlẹ̀, bàbá kàn yà kí wọ́n fọwọ́ sí i, ẹni tí ò mọ̀wé kọ á tẹ̀ka.